Ẹ̀ka Igi ní Oríta Ararọ̀mí

"Yìn ín!"

Titus sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọmọ rẹ̀ létí, ṣùgbọ́n Jemima kò fa ìbọn náà. Níwájú wọn, láàárín àwọn igi kòkó tí iná ọdún 1983 jó ku kùkùté, igbó ewé eéran ń mì. Nǹkan pupa rúsúrúsú kan tẹ̀, ó gbéra, ó tún tẹ̀. Àwọ̀ àgbọ̀nrín gan-an ni.

Jemima mirí. Ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀: òun kò tíì rí ojú ẹran náà.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, Titus rò nínú ara rẹ̀, bí ọmọdé gungi kò lè rí i.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Jemima. Láti ìgbà tí òjò ti kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí ni bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ṣakabùlà lé èjìká, àti bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kí ewé gbígbẹ má baà pariwo. Ó máa ń tún òfin ọdẹ sọ fún un títí ọmọ fi mọ̀ ọ́n lórí. Ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ nínú igbó. Bí o bá bá ẹ̀ka tútù lójú oríta, èèyàn ti wọ igbó ṣáájú rẹ, padà sílé. Idẹ kékeré tó ń taná sí ẹ̀tù, ọwọ́ ni kó wà; má fi í sórí ìbọn àfi tí o bá rí ojú ẹran.

Iná ọdún 1983 jó oko Titus tán láàárín ọ̀sán kan. Ó jó àgbàdo inú àká, ó sì lé ẹran ìgbẹ́ lọ. Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n jẹ sùn, ẹ̀gẹ́ náà ni wọ́n fi ń jí. Ọlọ́run ò fún un lọ́mọkùnrin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ràímì, ọdẹ Àpòmù, fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójú àwùjọ: "Titus, obìnrin lo wá gbé ìbọn fún? Kó o kúkú jẹ́ kó máa fi ro ọkà!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Titus náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Òní ló fẹ́ kí Jemima gba àárín Àpòmù kọjá pẹ̀lú àgbọ̀nrín.

Ewé tún mì. Titus já ìbọn gbà lọ́wọ́ ọmọ. Kò wo orí ìbọn. Ó gbé e léjìká, ó fà á.

Kà.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí iná, kò sí èéfín. Ẹ̀tù ti tutù, ló rò pẹ̀lú ìbínú. Nígbà náà ni àgbọ̀nrín náà nàró, ó fọwọ́ ti ìbàdí.

"Ta ló ń dá igi níbẹ̀ yẹn?"

Ìyá Sàlámọ̀tù ni, onídòdò Ìkirè, tó ń já ewé tó fi ń di dòdò. Ìró ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú.

Titus jókòó lórí kùkùté kan, ìbọn lórí itan rẹ̀.

"Àṣé Titus ni!" Obìnrin náà ń bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ̀yin ọdẹ òde òní, ẹ ò rẹ́ran pa, àfi kẹ́ ẹ máa dẹ́rù ba arúgbó. Wo ojú ẹ! Ṣé o ríwin ni?"

Ìyá arúgbó náà kò mọ nǹkan kan. Ó mú ìdì dòdò kan nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó nà án sí Jemima.

"Gbà, ọdẹbìnrin. Ata inú ẹ̀ á là ọ́ lójú."

Jemima fi ọwọ́ òsì gbà á.

"Háà! Ọwọ́ òsì? Lọ́wọ́ èmi tí mo gbẹ̀bí ìyá ẹ? Titus, ṣó o rí ọmọ ẹ?"

Titus rí i. Ó rí ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà tó dì pinpin mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fà á mọ́ra, ó ṣí i ní ìka kọ̀ọ̀kan. Idẹ kékeré náà wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti tẹ àpá róbótó síbẹ̀.

Ẹ̀tù kò tutù.

"Ẹ má bínú, Mama." Ohùn ara rẹ̀ ṣàjèjì sí i létí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ó dáa, tún un kọ́!" ni ìyá náà wí, ó sì padà sídìí ewé rẹ̀.

Wọ́n gba ọ̀nà ilé títí wọ́n fi dé oríta Ararọ̀mí. Ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ewúrẹ́ ti jẹ ewé orí rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ṣì tutù, ó kọjú sí ọ̀nà tí wọ́n ti ń bọ̀. Titus dúró. Láàárọ̀, òun ló gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

"Mo rí i láàárọ̀, Bàbá," ni Jemima wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Mo rò pé ẹ ti rí i."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

Ọmọ náà wò ó bíi pé ìbéèrè náà kò yé e.

"Ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ nínú igbó."

Titus yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn tó léwé púpọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi í rọ́pò èyí tí ewúrẹ́ jẹ. Nígbà tó gbórí sókè, Jemima ti yà fún un, ó ń dúró kí bàbá òun síwájú bí ìṣe wọn.

Titus kò síwájú. Òun náà yà, ó dúró kí ọmọ rẹ̀ síwájú.