Àyè Èémí

Okùn fáyólìn náà tún han gooro, Osla sì gbé ọ̀pá tó fi ń ta á sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti àárọ̀ kùtù ló ti wà lórí ìdúró nílé iṣẹ́ ẹja, tó ń la ẹja títù nínú omi yìnyín, òtútù sì ṣì wà nínú eegun ìka rẹ̀. Ta ló ń kọ́ fáyólìn lẹ́yìn tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún?

"Tún un ṣe," Lowrie, bàbá rẹ̀, wí láti orí ibùsùn.

"Ẹ jẹ́ n mu tíì ná, Bàbá."

"Tíì ò níbi í lọ. Èmi ni mò ń lọ."

Ìyá Lowrie ló ṣe orin tí Osla ń kọ́ náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹja ọkọ rẹ̀ gúnlẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo erékùṣù ti sunkún rẹ̀ tán pé òkun ti gbé e lọ. Orin ayọ̀ ni, orin ijó. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síwèé. Etí ni wọ́n fi ń kọ́ orin níbẹ̀. Lowrie nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti mú ọwọ́ òsì rẹ̀. Nítorí náà ẹnu ló fi ń kọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, dídù-dàì, dídù-dàì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù. Fóònù ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n fóònù ò lè mú èèyàn jó bí ọwọ́ ṣe ń mú un jó. Bí Osla ò bá rí i gbà, ó parí nìyẹn.

Bàbá sùn lọ, Osla sì ń ta orin náà, ó ń dúró díẹ̀ láàárín rẹ̀ bí bàbá ṣe máa ń dúró. Baabie, ìyá àgbà aládùúgbò wọn, wọlé pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́.

"Ta ló ní kó o máa dúró níbẹ̀ yẹn?"

"Bàbá ni, Màmá. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí."

Baabie bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Èmi tí mo bá bàbá ẹ lu dùùrù ní gbogbo ilé ijó erékùṣù yìí! Tó bá dúró níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ṣé àwọn oníjó ò ní ya lu ara wọn ni?" Lójijì, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. "Èémí ló ń wá, Osla."

Ojú ti Osla, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Àṣé àìsàn bàbá rẹ̀ ló ti ń kọ́ mọ́ orin látọjọ́ yìí, tó ń há a sórí dáadáa.

Ó jókòó ti sítóòfù títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ń yọ ìdúró náà kúrò. Ó nira ju kíkọ́ ọ lọ. Nígbà tí Lowrie jí, ó ta á fún un láìdúró.

"Òun nìyẹn!" Ojú bàbá tàn. Ó fẹnu bá a lọ, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lu kúbùsù. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìdúró náà, èémí rẹ̀ tán. Orin kọjá lọ. Lowrie la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo orin bí ó ṣe ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dákẹ́ lórí kúbùsù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń ta orin ijó ní erékùṣù náà kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Osla bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà tó débẹ̀, ó gbé ọ̀pá kúrò lórí okùn, ó sì dúró. Lowrie mí. Wọ́n jọ wọnú orin padà.

"O dúró," bàbá wí nígbà tí wọ́n parí.

"Mo dúró, Bàbá."

"Mo gbọ́ ohùn Baabie lójú oorun. Kò sọ fún ẹ ni?"

"Wọ́n sọ fún mi."

Lowrie kọjú sí ògiri fúngbà díẹ̀. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ó wí.

Tíì ti tutù lórí tábìlì. Apá ń ro Osla, ṣùgbọ́n ó gbé fáyólìn sí èjìká. Ó ti mọ orin náà wàyí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò ta á tán láìdúró, kò sì ní sẹ́ni lórí ibùsùn náà mọ́ tí orin yóò fi sẹ́yìn.