Abẹ́rẹ́ Gún Un, Kò Ké

Àbúrò ni mo mú lọ kí wọ́n bá mi wò. Ẹ̀gbọ́n kàn tẹ̀ lé wa ni, torí kò sẹ́ni tí yóò bá mi mójú tó o ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àbúrò. Àrá là ń pè é nílé, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn ni, òun náà ò sì fojú kan oorun. Ó ti ju bàtà lu olùkọ́ rẹ̀. Ó ti fi sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ gé irun orí ara rẹ̀. Ilé ìwé wá ní kí n mú un lọ rí obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ìwà wọn le tàbí tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Mo gbà, torí ojú ti tì mí tó lẹ́nu géètì wọn.

Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Ìyá Àgbà ni àwọn oníbàárà mi ń pè é. Kì í bèèrè nǹkan, kì í jà, kì í sunkún. Tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì mi, èèyàn lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń yìn ín, èmi a máa ránṣọ lọ bí ẹni tí kò gbọ́, inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn.

Yàrá obìnrin náà kéré: tábìlì kan, àga mẹ́rin, àpótí nǹkan ìṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kì í ṣe ara wa, ibòmíràn ni wọ́n ti bí i. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa, àmọ́ ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń to abọ́. Mo rojọ́ Àrá fún un títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Àrá ní tirẹ̀ ti da àpótí sílẹ̀, ó ń bá ẹṣin onígi jà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ yìí ń fi ariwo wá bàbá rẹ̀ tó kó jáde lọ́dún tó kọjá ni, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì bà jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Kó má baà rò pé n kò mọ ọmọ tọ́, mo nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó wo èyí, èmi kan náà ni mo tọ́ ọ. Mo wá sọ ìtàn tí mo ti sọ fún gbogbo oníbàárà. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo wọ aṣọ ilé ìwé tuntun fún un, mo ń fi abẹ́rẹ́ di etí aṣọ náà mú kí n tó rán an. Àṣé abẹ́rẹ́ kan ti wọ ẹran itan rẹ̀. Ó dúró gbọn-in títí mo fi parí. Ìgbà tó bọ́ aṣọ ni mo rí ẹ̀jẹ̀.

Mo dúró kó yìn mí. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní níbi tí wọ́n ti bí òun, ọmọ tó bá dákẹ́ ni ìyá máa ń gbé sáré wá. Ó ní nínú gbogbo ìyá tó ti wá láti àárín wa, kò tíì sí èyí tó rojọ́ ọmọ tó dákẹ́. Inú bí mi. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ọmọ tó mọ sùúrù kì í ṣe aláìsàn lọ́dọ̀ tiwa. Kí n tó lanu, ó ti yíjú sí ọmọ mi.

"Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn dùn ẹ́?"

Ojú mi ni ọmọ náà kọ́kọ́ wò. Ó wò mí pẹ́.

"Rárá, mà."

Ojú tì mí. Kì í ṣe irú èyí tí Àrá ń fà bá mi lẹ́nu géètì. Ìyẹn, tí mo bá délé á ti tán. Ọmọ mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parọ́ yìí kí n má baà tẹ́. Mo rántí ọjọ́ tí bàbá wọn kó ẹrù rẹ̀. Àrá ń yí nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ti ń fa imú, mo ní kó ṣàánú mi, kó má dá kún un. Láti ọjọ́ náà, kò dá kún un mọ́.

Èmi yìí kan náà ni mo máa ń sọ fún oníbàárà tó bá ń tijú àtisọ pé aṣọ fún òun jù, pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, ẹlòmíràn ni mo ń pa á fún.

Obìnrin náà kọ ọjọ́ tí a máa padà wá. Orúkọ ọmọ méjèèjì ló kọ.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, mo tún wọ aṣọ ilé ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n, torí n kò tíì rán etí aṣọ náà tán. Mo mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, n kò jẹ́ kó sún mọ́ ọn.

"Tí èyí bá gún ẹ báyìí, kí lo máa wí?"

Ó ronú dáadáa, kó má baà ṣì í sọ.

"Màá ní kẹ́ ẹ má bínú, Màámi."

"Èmi, màá ké!" ni Àrá pariwo lábẹ́ tábìlì. N kò lè sọ fún un pé kó dákẹ́.