Ogójì Ìṣẹ́jú Ọ̀fẹ́

Ẹ má wulẹ̀ bá mi wí. Àìsàn mi ni ìkànnì tuntun, mi ò sì wá oògùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé nǹkan jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, orúkọ tèmi, Oyinkọ́lá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Mo ti lo èyí tó ń rán èèyàn létí pé kó mu omi. Mo ti lo èyí tó ń sọ aṣọ téèyàn máa wọ̀. Ó ní kí n wọ kóòtù onírun nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí oòrùn Joburg, ní South Africa níbí, ń han wá léèmọ̀. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí wọn lórí ìyẹn.

Bàbá mi, Alàgbà Akínbọ̀wálé, ni mo máa ń fi dán gbogbo wọn wò. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, àwa méjèèjì la jọ ń gbé fúláàtì wa ládùúgbò Hillbrow. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Sandton, wọ́n á ti nu gíláàsì ojú wọn sílẹ̀. "Kí la ń dán wò lónìí?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo ìkànnì: Folúkẹ́, orúkọ màmá mi. Mo ti bá wọn jà títí pé olè á fi í jà wọ́n lólè, wọn ò gbọ́.

Nígbà tó di ọdún 2014, Ọláwọlé tí mo fẹ́ fẹ́ ríṣẹ́ sí Durban. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa wọṣẹ́, a sì fẹ́ ṣègbéyàwó ká jọ lọ. Iléṣà làwọn èèyàn rẹ̀ wà, wọn ò rí físà gbà. Bàbá mi ní àwọn ò lè fọmọ fún ẹni tí àwọn ò rí ẹbí rẹ̀. Mo ní ìkànnì kan wà tí a ti lè rí ara wa lójúkojú. Wọ́n rò ó títí.

"Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ yín bá já wa kulẹ̀, ó di December ọdún tó ń bọ̀, tí mo bá lọ sílé."

Inú mi dùn, mo jó yí pálọ̀ ká. Mo mọ ìkànnì náà dáadáa, òun la fi ń ṣèpàdé ní ọ́fíìsì. Ẹnìkan á ní "hi," èkejì á ní "hi," wọ́n á bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Kó tó di ogún ìṣẹ́jú, kálukú ti lọ. Nígbà tí mo sì kà á pé ogójì ìṣẹ́jú péré ni ẹni tí kò sanwó ní, ẹ̀rín ni mo rín. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe? Mo gbàgbé pé ọmọ Yorùbá ni mí.

Lọ́jọ́ Sátidé tí a dá fún ìpàdé náà, aago mọ́kànlá àárọ̀, Iléṣà yọ. Ọkùnrin méje àti Ìyá Àbísóyè, ìyá àgbà Ọláwọlé, fún ara wọn pọ̀ sórí àga. Bàbá Ọlálérè, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni agbẹnusọ. Ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àjò. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú àmójúbà ọmọ. Bàbá mi ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá tiwọn padà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lọ.

Wọ́n wá dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin méje lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì pòórá. Ògiri ló kù lójú ẹ̀rọ.

"Níbo ni wọ́n lọ?" ni bàbá mi bi mí.

"Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀, bàbá."

"Mi ò rí ìdọ̀bálẹ̀ kankan. Kàlẹ́ńdà ni mo rí."

Àwọn ará Iléṣà gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Imú Bàbá Ọlálérè gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Wọ́n gbé e sórí fíríìjì, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ọláwọlé tó wà lọ́dọ̀ wa níbí náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má baà ní ó ń gbéra ga. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìṣíde. Alàgbà ìjọ Aládùúrà kì í sì í gbàdúrà kékeré. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí àwọn ọmọ-ọmọ tí a ò tíì bí ni ojú ẹ̀rọ bá ṣú.

Ọláwọlé kígbe bí ará Joburg, "Eish!"

Fóònù rẹ̀ dún. Bàbá Ọlálérè ni. "Ṣé a ṣẹ bàbá ìyàwó ni? Àmín là ń ṣe lọ́wọ́ tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wa."

Bàbá mi bọ́ gíláàsì wọn. "Ó ti já wa kulẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ohun tí a bá dán wò lẹ́ẹ̀kan, a ò tíì dán an wò."

Wọ́n wò mí gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló mú wọn. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Tó bá tún já, December."

Mo rò pé ibi tí a dé la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó tì o. Ẹ kú ewu ẹ̀rọ. Ẹ kú àtúnrí. Wọ́n tún dọ̀bálẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti lọ kí Bàbá Ọlálérè tó wú ikọ́. "Òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín..." Mo di ọwọ́ Ọláwọlé mú. Bàbá mi na ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi àdúrà ṣáájú."

Àdúrà náà ti gùn díẹ̀ kí n tó wo ojú wọn. Bàbá mi, tí í dijú gbàdúrà sórí ẹ̀pà sísun, la ojú sílẹ̀ kedere. Aago kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú nígun ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ń fi àdúrà jẹ ìṣẹ́jú wa.

Inú bí mi dé àtàrí. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tí mo lè tẹ̀, ohùn bàbá mi á sì dákẹ́ lọ́hùn-ún. Mo gbé ìka lé e. Àmọ́ ta ló bí mi dáadáa tí mo máa pa bàbá mi lẹ́nu mọ́ níwájú àna? Mo gbé ìka kúrò, mo rọra sọ sí wọn létí pé, "Bàbá, aago lẹ ń wò."

Bí mi ò ṣe tẹ bọ́tìnì náà, gbogbo Iléṣà ló gbọ́.

"Aago ni mò ń wò," ni bàbá mi wí. "Tó o bá lọ sí Durban, ta ni á máa fi mí dán nǹkan wò?"

Ìbínú mi yọ́. Omi lé ròrò sí mi lójú. Ìyá Àbísóyè, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló dáhùn. "Àna wa, ẹ̀rọ tó gbé ohùn yín dé Iléṣà, ṣé kò mọ ọ̀nà Durban ni?"

Bàbá mi wò wọ́n. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn wọn, ó mi èjìká wọn méjèèjì. "Ẹ béèrè ohun tí ẹ wá béèrè. Ẹ ṣe kíá, ìṣẹ́jú kan ló kù."

"Ẹ fún wa ní Oyinkọ́lá," ni Bàbá Ọlálérè wí, láìsí òdòdó, láìsí ọgbà.

"Mo ti fi í fún yín."

Mo gbọ́ ìhó ayọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ojú ẹ̀rọ sì ṣú. Ọláwọlé ti wà nílẹ̀ gbalaja, mo ń fò yí i ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀. Bàbá mi ò wò wá. Wọ́n fa ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ màmá mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìpàdé tuntun ni wọ́n ń ṣí.

"Bàbá, ó ti parí. Wọ́n ti gbọ́ yín."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "A ò tíì ṣe àdúrà ìparí."