Béárì Jẹ Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Maren

Lọ́dọọdún, bí ìgbà ẹja bá ti ń parí lọ tí òtútù kò sì tíì mú dáadáa, Maren Tollefsen a ti ilé búrẹ́dì rẹ̀ pa, a di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́, a sì kọjú sí apá àríwá Alaska, níbi tí ọ̀nà ti di òkúta wẹ́wẹ́ tí ilé kò sì sí mọ́. Òun nìkan ṣoṣo ló máa ń lọ. Sigrid, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fìgbà kan fara mọ́ ọn. Lọ́dún yìí, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń dárúkọ gbogbo ẹni tí béárì ti ṣe léṣe láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà lọ́mọdé. Maren ń gbọ́, ó sì ń fa okùn ẹrù rẹ̀ le. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Maren dì mọ́ ọn, ó ní kó máa bá òun bomi rin òdòdó, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù kò ba òun náà. Òkè kan wà lọ́hùn-ún tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Arúgbó, nítorí yìnyín tó máa ń wà lórí rẹ̀ bí irun funfun. Lọ́dún tó kọjá, Maren gùn ún dé èjìká, ó gbọ́ tí òkúta ń yí bọ̀ níbì kan nínú kùrukùru, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀, kò gbé mọ́. Ó yí padà. Láti ìgbà náà, bó bá ń po ìyẹ̀fun láàárọ̀, òkè yẹn a máa wá sí i lọ́kàn.

Ó gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń pàgọ́ síbi tó bá wù ú. Ibi tó ń sè kì í sún mọ́ ibi tó ń sùn, torí imú béárì kì í ṣe imú lásán. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ òkè, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi kan, ó kó oúnjẹ sínú ike onídèérí líle, ó gbé e pamọ́ sáàárín àpáta lọ́nà jíjìn, ó fi agolo ata tí wọ́n ń fín sójú béárì há ìgbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ń kọrin bó ṣe ń lọ, kí ẹranko lè mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn, òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn ló ń kọ ọ́ fún.

Afẹ́fẹ́ ló ba orin náà jẹ́. Iwájú ló ti ń fẹ́ bọ̀, ó ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Kó tó mọ̀, ó ti já lu abo béárì kan àti ọmọ rẹ̀ méjì láàárín igbó bulubẹ́rì, kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè ju òkò dé. Ìyá náà gbórí sókè. Ètè rẹ̀ dúdú fún èso.

Orin kú mọ́ Maren lẹ́nu. Ó wá agolo ata rẹ̀ kàn, ó dì í mú. Kò sáré, ẹni tó bá sáré níwájú béárì ti sọ ara rẹ̀ di ẹran. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń bá oníbàárà tínú ń bí sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá ọmọ. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbí. Ẹ máa jẹun yín, mo ti ń padà lọ."

Ó ń fi ẹ̀yìn rìn títí ìdí rẹ̀ fi kan àpáta kan, ó jókòó lé e. Béárì náà wò ó pẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó sì padà sídìí èso rẹ̀. Kò kánjú rárá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà, wọ́n ń yí gbiri sísàlẹ̀, wọ́n tún ń gun òkè padà. Àyà Maren tó ń lù kìkì rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i pé òun ti ń rẹ́rìn-ín sí èyí tó kéré nínú wọn, tí kì í lè borí nínú ìjà. Oòrùn ti kúrò ní àtàrí kí ìyá tó kó ọmọ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, sápá odò.

Ó rò ó bóyá kóun náà padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀ lásìkò yẹn, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Ó ń gòkè lọ. Níbi èjìká òkè, òkúta tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí bíi tọdún tó kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí kùrukùru. Ó wo ibi tí ìró náà ti wá, ó rí àwọn àgùntàn òkè funfun tí wọ́n ń fò láti orí àpáta kan sí òmíràn. Àṣé àwọn lòun sá fún! Ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun ìyókù, títí kò fi sí ibi tó kù láti gùn mọ́.

Kò pariwo níbẹ̀. Ó jókòó sórí yìnyín, ó jẹ búrẹ́dì ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú wàràkàṣì, ó ń wo odò nísàlẹ̀ bó ṣe pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí irun tí wọn kò tíì dì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ débi pé oorun fẹ́ gbé e lọ.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ gbalaja. Béárì ti gba ibẹ̀ kọjá. Oúnjẹ wà bó ṣe wà, táyà méjèèjì wà, ṣùgbọ́n ìjókòó kẹ̀kẹ́, tó ti ń mu òógùn rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ni ẹranko náà jẹ. Awọ rẹ̀ fọ́n káàkiri, irin abẹ́ rẹ̀ wọ́. Maren wo kẹ̀kẹ́, ó wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti inú wá, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìdúró ló fi wa kẹ̀kẹ́. Níbi tí ọ̀nà bá ti ga, a sọ̀ kalẹ̀, a máa tì í. Itan ń ro ó, orúnkún ń dùn ún. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó rí èéfín lẹ́bàá odò: ibùdó ẹja Harding Pete àti Effie ìyàwó rẹ̀, àgbàlagbà méjì tí wọ́n máa ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún wá yan ẹja, bí àwọn òbí wọn ti ń ṣe. Effie ti gbé tíì gbígbóná lé e lọ́wọ́ kó tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ìgbà tó wá rí kẹ̀kẹ́ náà, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ béèrè.

"Ọmọ mi, irú kẹ̀kẹ́ wo rèé? Ṣé orí irin yìí lo jókòó lé dé ibí?"

"Rárá, mà. Béárì ló jẹ ìjókòó rẹ̀."

Harding, tó ń kó igi síná, dáwọ́ dúró. "Kò jẹ nǹkan míì? Ibi ìdí ẹ nìkan ló tọ́ wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Akọ nìyẹn."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún," ni Effie wí. "Abo ni. Ká ní akọ ni, gbogbo kẹ̀kẹ́ ni ì bá rún jẹ, kò ní mọ èyí tó dùn níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò tán lẹ́nu wọn títí wọ́n fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà, Harding fi òkúta na irin tó wọ́ náà tọ́. Effie gé awọ mọ́ọ̀sì kan, ẹranko ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, ó ki irun ẹran náà sínú rẹ̀, ó rán an, ó sì so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ pinpin. Kò jọ ohun tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ kankan, àmọ́ nígbà tí Maren jókòó lé e, kò fẹ́ dìde mọ́.

Òjò dá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà ti gbẹ, kò sí ohun tó tún ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹja ìkẹyìn ọdún náà ti ń wọlé bọ̀, ọwọ́ àwọn àgbà méjèèjì kò sì ká a. Maren fi rédíò ibùdó náà ránṣẹ́ sílé pé àlàáfíà lòun wà, pé òun ń bọ̀ bó bá ṣe díẹ̀ sí i. Ó wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú ọ̀bẹ, ó dúró ti Effie lẹ́bàá tábìlì.

Effie wo gígé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹja lò ń gé yẹn, kì í ṣe búrẹ́dì," ló wí. "Fún mi lọ́wọ́ ẹ, jẹ́ n fi hàn ọ́."

Maren na ọwọ́ sí i.