Ìwé Orin Tó Di Méjì

Ìbéèrè tíṣà bàọ́lọ́jì kò jẹ́ kí Olúwafimíhàn gbádùn: kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, DNA inú rẹ̀ á kọ́kọ́ di méjì; sẹ́ẹ̀lì wo ló wá ń gba ti àtijọ́?

Ó gbé wàhálà yìí lọ sí ìpàdé akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìlàjẹ. Wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí Abúlé Òkúta ní Sọ́ńdè, ìwé orin kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Orin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ewé méjì tí wọ́n rán pọ̀: ọ̀rọ̀ lára ọ̀kan, àmì ohùn lára èkejì.

Màmá Beatrice, olórí akọrin, tú òwú ìwé náà. Àwọn kan gba ọ̀rọ̀, wọ́n kọ àmì ohùn rẹ̀ sórí ewé tuntun. Àwọn yòókù gba àmì ohùn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n rán ewé tuntun mọ́ ti àtijọ́, ìwé sì di méjì.

“Ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́!” ni Màmá Beatrice wí. “Tí kò bá bára mu, ẹnikẹ́ni ò lọ síbì kankan!”

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n bá àṣìṣe kan, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ.

“Ó yá,” ni Màmá Beatrice wí, “ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún Ìlàjẹ. Èwo ni?”

Wọ́n ń yẹ ìwé méjèèjì wò, àfi gbàà! Fimíhàn ti fò sókè, àga ti ṣubú.

“Ó wà nínú méjèèjì!”

“Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?”

“Tíṣà wa ni, mà!”