Obìnrin Tó Ba Ayọ̀ Onígbàjámọ̀ Jẹ́

Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà lẹ́nu onígbàjámọ̀ yìí, orí tó wà lábẹ́ abẹ rẹ̀ ní láti ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún un pé àyẹ̀wò àbígbẹ́yìn rẹ̀ dára, ọkùnrin kan jókòó sórí àga rẹ̀ tòun ti ìdajì orí tí wọ́n ti fá, ìdajì kejì kún fún irun, títí ìròyìn fi parí. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́kun? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Àbígbẹ́yìn náà, olùkọ́ eré ìdárayá ni. Ó rò pé iṣan ló fà lórúnkún òun, àfi ìgbà tí wíwú náà kọ̀ tí kò lọ. Jẹjẹrẹ inú egungun ni. Wọ́n fa oògùn sí i lára títí irun orí rẹ̀ fi tán, tí bàbá rẹ̀ ní oògùn ti gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Ohun tó kù ni pé, ṣé àrùn náà kò ní sá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró? Dókítà ní purotéènì kan wà tí irú jẹjẹrẹ yìí máa ń ṣe nígbà mìíràn. Níbi tó bá ti pọ̀, àrùn náà sábà máa ń rìn jìnnà. Níbi tí kò bá sí, ọkàn èèyàn lè balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wò ó lára egungun tí wọ́n gé, wọn kò rí i. Ìyẹn ni onígbàjámọ̀ ń ròyìn fún gbogbo orí tó bá wọlé.

Kò tíì ròyìn tán tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́ pe òun àti ọmọ rẹ̀ padà. Òun rò pé wọ́n fẹ́ kí àwọn kú oríire ni. Obìnrin kan tí kò rí rí wọlé bá wọn lọ́dọ̀ dókítà, aró búráùn ti ta sí apá aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní òun ló pa egungun náà láró ní yàrá àyẹ̀wò kí purotéènì náà lè hàn, òun ló sì bẹ dókítà pé kó jẹ́ kí òun fẹnu ara òun sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe wà, ọwọ́ wa ló sì ti wá," ló wí. "Egungun le, a ò lè gé e ní tínrín àfi tá a bá rẹ ẹ́ sínú ásíìdì kó lè rọ̀. Èyí pẹ́ jù níbẹ̀, ásíìdì ti jẹ purotéènì náà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, tó yẹ kó gba aró lára ẹnikẹ́ni, funfun báláú ló wà. Mo wá mú ibi tó rọ̀ lára kókó jẹjẹrẹ náà, tí kò kan ásíìdì rárá, mo tún un ṣe." Ó kọjú sí bàbá náà. "Ó wà níbẹ̀, sà. Ó pọ̀."

Onígbàjámọ̀ dìde. "Ìwọ! Ta ló ní kó o tún un ṣe? Ṣé a sọ fún ẹ pé èyí tó o kọ́kọ́ ṣe ò dùn mọ́ wa nínú ni?"

"Bàámi, ẹ jókòó," ọmọ rẹ̀ wí.

"Mi ò jókòó! Ó wá ba ayọ̀ aláyọ̀ jẹ́, o ní kí n jókòó!"

Dókítà ló sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni purotéènì náà ń sọ, kò dárúkọ ẹnì kan. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n dípò tí àwọn ì bá fi máa ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn yóò máa yà á léraléra.

Láti ọjọ́ náà, bí onígbàjámọ̀ bá pàdé obìnrin yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ògiri ló máa ń wò. Obìnrin náà kò purọ́ fún un, kò sì jà á lólè, ṣùgbọ́n ọkàn baba kì í gbọ́ àlàyé nígbà mìíràn. Ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn oníbàárà ń fárí tán kíákíá, inú wọn kò sì dùn sí i.

Àwòrán kẹta ló rí i. Nǹkan kan wà ní ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ ọ́ láìku nǹkan kan. Dókítà ní ká ní àwọn dúró di ìgbà tí àwọn kọ́kọ́ dá ni, kì bá tí jẹ́ ẹyọ kan, bóyá kì bá sì ṣeé gé mọ́. Onígbàjámọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tètè wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ kan sọ ọ́, òun sì fi èébú san án fún un.

Àwọn àwòrán tó tẹ̀ lé e mọ́ tónítóní fún ọdún bíi mélòó kan. Ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń fọn fèrè sí àwọn ọmọ iléèwé létí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Onígbàjámọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìtìjú ni kò jẹ́ kó tètè lọ. Ọmọ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ dé yàrá àyẹ̀wò.

Obìnrin náà dá wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Bàbá, ẹ̀rù yín bà mí lọ́jọ́ yẹn o," ló wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní kí n kúkú padà, kí dókítà sọ ọ́ fúnra wọn."

"Kí ló wá mú yín wọlé?"

"Mo gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní irọ́ tí ọwọ́ mi pa ló ń pa yín lẹ́rìn-ín yẹn. Mi ò lè fi yín sílẹ̀ sínú ẹ̀."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí onígbàjámọ̀ ti tò jọ láti ilé fò lọ. Ó ṣí fìlà, ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, omi ń bọ́ lójú bàbá, kò sì nù ún.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ba ayọ̀ mi jẹ́."