Hóró Oògùn Mẹ́wàá

Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe ìdánwò tán ni lẹ́tà náà tó dé. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì jù ú sórí tábìlì, ó ní, "Ìyá Ìgò, ẹ má bínú o, ó ti wà nínú àpò mi láti ìjẹta." Ó sì yíjú padà, ó ń súfèé lọ bí ẹni tó ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n kí i fún.

Ìyá Ìgò kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, kò tíì lọ́kọ. Òun ni olùtọ́jú láàbù ní ilé ẹ̀kọ́ gíga náà. Òun ló ń fọ ìgò, òun ló ń to oògùn, òun ló ń nu ẹ̀rọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì fún un lórúkọ yẹn. Kò bá wọn jà sí i. Nígbà mìíràn, tó bá gbé ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sókè tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé gba inú rẹ̀ kọjá, á dà bíi pé ilé kan tó mọ́ tónítóní ló ń wò, ilé tí irọ́ kò lè gbé.

Ó já lẹ́tà náà. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń yẹ ìwọ̀n wò ló ti wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń kun ilé fi àkàbà gbá ìwọ̀n láàbù, Ìyá Ìgò sì bẹ ọkùnrin náà pé kó wá wò ó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: "Ìwọ̀n yín ti ṣìnà. Ó ń fi mẹ́wàá lé gbogbo ọgọ́rùn-ún. Ẹ má ṣe fi ṣe ìdánwò o."

"Mo gbé!" Ìyá Ìgò ké, ó káwọ́ lérí.

Wọ́n ti fi ṣe ìdánwò. Ìdánwò ọ̀hún kò le. Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní hóró oògùn mẹ́wàá, kó wọn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kó kọ ohun tó bá rí sínú ìwé. 500 ni hóró kan ń wọ̀n lójú ìwọ̀n tó bá pé. Lójú ìwọ̀n tó ti ṣìnà yìí, ó gbọ́dọ̀ tó 550. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógójì! Gbogbo wọn á ti fìdí rẹmi, ẹ̀bi wọn kọ́. Ó sáré wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá, olùkọ́ tó ni iṣẹ́ náà, kó lè wo bí ọṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìdánwò wà lórí tábìlì. Kílẹ̀ tó ṣú lánàá ni Ọ̀gá ti máàkì gbogbo rẹ̀ tán.

Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́. 499. 502. 498. Ó ṣí ìkejì. 501. 497. 500. Ó ṣí ìkẹta, ìkẹrin, ìkẹwàá. Bákan náà ni gbogbo wọn dára, bákan náà ni wọ́n pé.

"Ọkùnrin ìwọ̀n yìí ń tàn mí ni?" Ó padà sí láàbù, ó fi ẹ̀mú kékeré mú hóró oògùn kan, ó gbé e lé ìwọ̀n, ó ti ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀. Ìwọ̀n náà ké pín, bó ṣe máa ń ké tó bá ti wọn nǹkan tán. 551. Ó gbé òmíràn. Pín. 549.

Ìgbà náà ló rántí pé lánàá, nígbà tí òun wà nínú yàrá ẹ̀yìn tí òun ń fọ ìgò, igbe ìwọ̀n náà tí òun gbọ́ kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n lọ. Ọgbọ̀n igbe, fún èèyàn méjìdínlógójì tó ní hóró mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́wọ́. Ọ̀gá tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fóònù rẹ́rìn-ín.

Wọn kò wọ̀n ọ́n. Ìwé àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wọn ni wọ́n dà kọ, ìwé tó ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Wọ́n sì gbọ́n féfé: wọ́n fi ọ̀kan kún un níbí, wọ́n yọ méjì lọ́hùn-ún, kó lè jọ òótọ́. Itọ́ kíkorò kan gun ẹnu Ìyá Ìgò. Ṣíọ̀! Ká ní wọ́n jókòó tí wọn ò kọ nǹkan kan, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n kéèyàn jókòó kó máa ṣe irọ́ lọ́ṣọ̀ọ́ bí ẹni ń dirun ìyàwó!

Ó padà lọ kó àwọn ìwé náà wá sí láàbù, ó ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ kan ọ̀kan tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé inú rẹ̀ bó ṣe mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ti àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀mọ̀wé láti kékeré. 500. 501. 499. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí rèǹtè-rente: "Mo wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dá mi lójú." Ọ̀gá fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "O káre!"

Ìwé kan péré ló yàtọ̀. 551, 549, 550. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ín kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Iye tí mo rí yìí ju èyí tó wà nínú ìwé lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Mi ò mọ ìdí rẹ̀." Òdo ńlá ni Ọ̀gá fi fún un, ó tún kọ ọ́ pé, "Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Bí ẹni pé wọ́n pè é, ẹni tó ni ìwé náà kan ilẹ̀kùn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé òun ló máa ń kẹ́yìn jáde ní láàbù. Ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti rí máàkì mi lára pátákó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ìwọ̀n. Ó jọ pé ọwọ́ mi ò dáa."

Ìyá Ìgò na lẹ́tà náà sí i. Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ìwọ̀n mìíràn làwọn tó kù wá lò ni, mà?"

"Ìwọ̀n kan ṣoṣo la ní."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ká lẹ́tà náà, ó dá a padà. "Áà," ló sọ. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá dé. Ìyá Ìgò bá a nínú ọ́fíìsì, níbi tó ti ń fi ìdérí bírò ro etí, tó di ojú kan.

"Ọ̀gá, ẹ wo lẹ́tà yìí, sà."

Ó kà á. "Ehn, ó ti pẹ́ jù. Ìdánwò ti parí, wọ́n sì yege."

"Ohun tó burú nìyẹn, sà. Kò yẹ kí wọ́n yege."

"Ìwọ obìnrin yìí! Irú àdúrà wo lò ń gbà fọ́mọ ọlọ́mọ yìí?"

"Ìwọ̀n yẹn ń purọ́, sà. Ẹni tó bá lò ó lóòótọ́, irọ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ẹ̀. Inú ìwé ẹnì kan péré ló wà, òun náà lẹ wá fún lódo."

Ọ̀gá wo ohun tó bá ìdérí bírò náà jáde, ó fi nu ṣòkòtò rẹ̀. "Wọ́n mọ ìdáhùn àbí wọn ò mọ̀ ọ́n?"

"Ṣé torí ìdáhùn nìkan la ṣe ń kọ́ wọn ni, sà?"

"Kí la tún fẹ́ kọ́ wọn? Ká kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa mí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Màá fún ọmọbìnrin yẹn ní àádọ́ta. Ó tán, àbí? Fọ́ọ̀mù àbúrò ẹ nìyí. Tí mo bá ti fọwọ́ sí i, ó ku tìẹ. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni o."

Ó fi bírò tó fi ìdérí rẹ̀ ro etí yẹn fọwọ́ sí i, ó sì tì í sí obìnrin náà. Ìka méjì ni Ìyá Ìgò fi gbá fọ́ọ̀mù náà mú ní igun.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oògùn ikọ́ fún ọmọ ọwọ́ ló fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ gba Ọ̀mọ̀wé síṣẹ́, òun ni yóò máa wọn ohun tí wọ́n ń pò sínú oògùn. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àti olùtọ́jú láàbù irú èèyàn tí ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́ dà: ṣé olóòótọ́ ni? Ṣé ó máa ń fara balẹ̀? Ṣé ó máa ń ronú kó tó ṣe nǹkan? Tí kò bá mọ nǹkan, ṣé ó lè sọ pé òun kò mọ̀? Àpótí kékeré tí wọ́n máa sàmì sí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá kò ka ọ̀kankan. Ìlà kan ṣoṣo ló fà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ọ̀nà tí ìgbín gbà kọjá lára ògiri.

Ara Ìyá Ìgò kọ̀ ọ́. Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé òun náà mọ ìlà yẹn. Ọdún mẹ́rin ló ti ń fọwọ́ sí irú fọ́ọ̀mù yìí, ó ń fi ọwọ́ kan nu ìgò, ó ń fi ìkejì kọ orúkọ. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀sán ni Ọ̀mọ̀wé dé, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ̀ fún un láàárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Ìyá Ìgò gbogbo àgbáyé! Fọ́ọ̀mù mi dà?"

"Ó wà níbí. Kọ́kọ́ wọn hóró oògùn kan fún mi."

"Báyìí?"

"Báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tó ń làágùn mú hóró kan, ó sọ ọ́ sórí ìwọ̀n. Nọ́ńbà ń sáré sókè-sódò, kò dúró.

"Ó ti bàjẹ́ ni?"

"Ti ilẹ̀kùn ẹ̀."

"Ilẹ̀kùn wo?"

Ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin nínú láàbù yìí, kò mọ̀ pé ìwọ̀n ní ilẹ̀kùn. Ìyá Ìgò bá a tì í. Pín.

"Mélòó lo rí?"

"551."

"Mélòó lo kọ lánàá?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ta ló wá sọ fún yín?"

"Ìwọ̀n ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wa la ṣe é."

"Ó ku ẹnì kan."

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́? Èyí tó máa ń wo ìwọ̀n bí ẹni tó fẹ́ kí i ní 'ẹ káàárọ̀'? Ẹ fìyẹn sílẹ̀ jàre. Níbi tí mò ń lọ, ẹ̀rọ ló ń wọn nǹkan, bọ́tìnnì lèèyàn kàn ń tẹ̀."

"Tí ẹ̀rọ bá purọ́ ńkọ́?"

"Àá wo iye tó wà nínú ìwé."

"Tí ọmọ ọlọ́mọ bá mu ún tó kú, ìwé náà la ó wò?"

Ọ̀mọ̀wé sún mọ́ ọn. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn tó máa ń lò láti ìgbà tó ti wà ní kékeré tó bá fẹ́ gba ẹran tí ń bẹ nínú àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Lọ́dún tí Bàbá kú, àwa méjèèjì la yege láti wọ ibí. Ẹ ní kí èmi lọ. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí gbogbo ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ já sófo ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó rán an. Ìyá Ìgò wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, bí ọrùn rẹ̀ ṣe le gbọn-in. Ó rántí abọ́ tí kò jẹ́ kó fọ̀ rí, omi tí kò jẹ́ kó pọn rí, kó lè ráyè kàwé. Ọ̀gá nìkan kọ́ ló ba ọmọ yìí jẹ́. Ìríra ara rẹ̀ mú un ju ti ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ ó ti fọ́ọ̀mù náà padà sí i.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i," ó ní. "Mò ń kó lẹ́tà yìí àti ìwé méjìdínlógójì yẹn lọ fún ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ báyìí, tìẹ ni màá sì kọ́kọ́ ṣí fún wọn."